Ohùn Tó Ń Kà Sí Wa Létí

Tí ẹ bá ti rí mi rí, iwájú ọ́fíìsì kan ni yóò jẹ́, níbi tí mo ti ń gbé páálí sókè, tí iṣan ọrùn mi le bí okùn. Mo ti pe àwọn ọ̀gá ńlá ní olè lójú ara wọn. Mo ti sun àtìmọ́lé nítorí àwọn tí wọ́n wó ilé wọn lé lórí. Ẹ má tíì kan sáárá sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi náà jí.

Kì í ṣe ohun tó ṣeé kì bọ àpò. Ohùn ènìyàn ni.

Àwa mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ Ìró Irin sílẹ̀, nígbà tí a jáde yunifásítì tí iṣẹ́ kò sí. Orin rọ́ọ̀kì là ń kọ, irú èyí tí gìtá máa ń ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Waya ló ń ta gìtá. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju egungun àti ọgbọ́n lọ. Òòlù ló ń lu ìlù. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Ajìjàgbara, ni mò ń hun ọ̀rọ̀ orin, mo sì ń gbe ègbè. Ìbákà ló ń lé orin.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Ìbákà. Nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí, ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀, tí mò ń pè ní Ìyá Kékeré, ni mo dàgbà sí. Aránṣọ ni wọ́n. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ wọn ni àwa méjèèjì ti ń ka ìwé wa, tí àjákù aṣọ ń bọ́ lé wa lórí. Ẹ̀gbọ́n ni Ìbákà ń pè mí títí ó fi kú. Kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ mi rí.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí bàbá Òòlù ti pa tì la ti ń ṣe ìdánrawò. A gbé táyà ògbólógbòó kọ́ ara ògiri kí ariwo má baà jáde. Òórùn ọ́ìlì wọ̀ wá lára débi tí ìyá Waya fi ń bi í bóyá orin ló ń kọ tàbí mọ́tò ló ń tún ṣe.

Òòlù ní àìsàn kan: bí inú rẹ̀ bá ti dùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹgbẹ́ mìíràn máa ń fi ẹ̀rọ tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ sí onílù létí kí ó lè rọra. Òòlù gbìyànjú rẹ̀, ó sì fà á yọ.

"Ó dà bí ẹni pé ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn," ló wí.

Ìbákà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí èmi máa kà á fún un. Èmi kò jọ ọlọ́pàá."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún orin kan pàtó, èyí tó le jù, Ìbákà ka ìlù náà sínú kọ̀ǹpútà Waya láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò kà lásán o. Ó ń darí wa bí ẹni ń da ẹran. "Ẹsẹ̀ kejì ti dé. Waya, sinmi. Ẹ̀gbọ́n, má sáré." Tí a bá ń ṣeré, ohùn yẹn á wà nínú ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ etí. Àwọn òǹwòran kò ní gbọ́ ọ. Àwa nìkan la ni ín.

Orin tí mò ń wí yẹn ni "Ẹ Dá A Padà." Èmi ni mo hun ún, nípa àwọn tó ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn. Òun náà la fi sọ àwo orin wa àkọ́kọ́ lórúkọ.

A kò tíì parí àwo náà tí ikọ́ fée tó ti ń bá Ìbákà jà láti kékeré fi gbé e lọ. Òwúrọ̀ ni. Kò dé ọsibítù láàyè. Fóònù rẹ̀ sọnù sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi sáré gbé e, a kò sì rí i mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a padà sí situdíò. Èmi ni mo bọ́ síwájú máíkì. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń hun ọ̀rọ̀, Ìbákà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo máa ń wo bí ojú àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá lára mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé fèrèsé ni mí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú "Ẹ Dá A Padà" tí orin náà ti gòkè lójijì. Mi ò lè dé ibẹ̀. Mo gbìyànjú títí ọ̀fun mi fi bó.

Ọkùnrin tó ni situdíò yọ ẹ̀rọ tó fi bo etí rẹ̀. "Ajìjàgbara, ṣé kí n sọ òótọ́?"

"Sọ ọ́."

"Ìwọ ń fẹ̀hónú hàn ni. O ò kọrin."

Ó tẹ nǹkan kan. "Gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ohùn àbúrò rẹ tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ṣì wà."

Ìbákà sì gòkè. Ohùn rẹ̀ la gbogbo gìtá kọjá bí ọ̀bẹ ṣe ń la aṣọ.

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀," mo wí.

"Kí n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló yẹ kí n sọ, ọ̀rọ̀ kan péré.

"Rárá," mo ní. "Má tíì kọ ọ́."

Waya àti Òòlù mọ ohùn náà, dandan ni. Wọ́n bi mí ìdí tí orúkọ ọmọ náà kò fi sí lára páálí àwo. Mo ti gbé irọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó dé.

"Ìyá Kékeré ni kò fẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sí etí àwọn. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná."

Òòlù mi orí. "Abiyamọ," ló sọ, kò sì bi mí mọ́.

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lo orin náà. Àwọn ọmọ yunifásítì gbé e sórí fóònù wọn, wọ́n ń fi ibi tó gòkè yẹn jí ara wọn. Atọ́kùn ètò kan pè mí, ó ní, "Arábìnrin, níbo lo ti rí ohùn bẹ́ẹ̀?"

"Ìbínú ni," mo dáhùn. "Ìbínú sí ìrẹ́jẹ ló ń gbé e sókè."

Mo sọ ọ́. Ahọ́n mi kò yí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Kékeré ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò tan rédíò mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, nítorí náà wọn kò mọ ohun tí ìlú ń gbọ́. Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù, wọn kò gbójú sókè.

"Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ohùn rẹ̀ ni mi ò ní. Fóònù yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa bọ́tìnì kan tó bọ́ sílẹ̀.

"Ní àárọ̀ yìí, mo gbìyànjú láti pe ara mi bí ó ṣe máa ń pè mí tó bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò jọ ọ́. Mo tún un pè. Kò jọ ọ́. Mo ti ń gbàgbé rẹ̀." Wọ́n fi eyín já òwú. "Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọrin, ṣé kò sí èyí tó kù lọ́wọ́ yín? Kódà kó jẹ́ ibi tó ti ń wúkọ́."

Àní ibi tó ti ń wúkọ́, ó wà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà Waya. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn á mọ ohùn inú àwo náà. Odidi ìlú ló sì ti gbà pé èmi ni.

"Kò sí, mà," mo wí. "A ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nígbà tí mo tún orin náà kọ."

Wọ́n gbójú sókè nígbà yẹn. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Ó dáa." Wọ́n mú bọ́tìnì mìíràn. "Ẹ ò mọ̀ pé ẹ máa nílò rẹ̀ ni."

Àwáwí wọn fún mi nìyẹn. Àwọn fúnra wọn ló bá mi wá a.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn inú etí mi ti yí padà. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í yí padà. Síbẹ̀, bí a bá ń ṣe ìdánrawò, tí Ìbákà bá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, má sáré," kì í dún bí àwàdà mọ́. Ó máa ń dá dúró díẹ̀ kó tó pè mí, bí ẹni tó ń ronú bóyá kí òun sọ ọ́. Mo sọ fún Waya kó jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀.

"Òòlù kò ní lè lù ú," ló fèsì. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Òkú tó ń kà á fún wa kí a má baà ṣìnà, òkú rere ni."

Ọjọ́ tí a ó ṣí àwo náà lójú agbo ń sún mọ́lé. Ìyá Kékeré ní àwọn ni yóò rán ẹ̀wù tí a máa wọ̀ sórí ìtàgé, àwọn sì ń bọ̀ wá wòran.

"Ariwo náà pọ̀, mà," mo wí. "Á dun etí yín."

"Etí tó gbọ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu dókítà, kí ni gìtá fẹ́ fi í ṣe?"

Wọ́n wá wọn ara wa ní ṣọ́ọ̀bù ìdánrawò. Nígbà tó kan Òòlù, ó tẹrí ba, ó ní, "Mà, ẹ kú ìfaradà. A gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa orúkọ..."

"Òòlù, na apá rẹ," mo já lù ú. "Wọ́n ń wọ̀n ọ́, o ń wàásù."

Ìyá Kékeré wò mí. Wọ́n wo Òòlù. Wọ́n wá wo apá rẹ̀ tó gùn gbọọrọ. "Aṣọ tí a ó fi bo apá yìí, a lè fi bo fèrèsé," ni wọ́n wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wù dúdú ni wọ́n rán fún wa. Nígbà tí mo wọ tèmi wò, mo rí i pé aṣọ tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀, ó ní òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Káàbà tí Ìbákà fẹ́ràn jù ni.

"Mo fi tẹ́ inú rẹ̀," Ìyá Kékeré sọ, wọ́n ń tún ọrùn ẹ̀wù náà ṣe fún mi. "Ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ìwọ nìkan lo máa mọ̀ pé ó bá ọ gun ìtàgé."

Inú gbọ̀ngàn kan tó ti jẹ́ ilé sinimá rí ni a ti ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Àwọn àga rẹ̀ ń dún bí ènìyàn bá jókòó. Kó tó di wákàtí tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo rí Ìyá Kékeré níwájú gan-an, àpò wọn wà lórí itan, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá sí ìpàdé òbí ní ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe to iṣẹ́ wa. Wáyà méjì ló jáde láti ara kọ̀ǹpútà Waya. Ọ̀kan ń gbé kíkà Ìbákà lọ sí etí wa. Èkejì ń gbé orin Ìbákà, ibi tó gòkè yẹn, lọ sínú sípíkà gbọ̀ngàn, kí èmi lè máa la ẹnu lásán. Orin tó kẹ́yìn nìkan ló nílò wọn.

Mo wo iwájú tí wọ́n jókòó sí. Mo wo sípíkà, ó ga ju ènìyàn lọ. Kò sí bí ìyá kò ṣe ní mọ ohùn yẹn. Mo pinnu pé màá yọ wáyà tó ń lọ sí gbọ̀ngàn, màá kọ ibi tó gòkè náà fúnra mi, kí ọ̀fun mi ya tó bá máa ya.

Mo yọ́ dé ìdí kọ̀ǹpútà. Wáyà méjèèjì dúdú, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo fa àwọn méjèèjì yọ kí n lè wò wọ́n. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn mi. Ìdààmú bá mi, mo ki ọ̀kan padà, mo ti èkejì sábẹ́ tábìlì, mo sì kúrò.

Eré náà dùn. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn. Waya fò sókè bí ìrẹ̀, Òòlù lù títí igi ìlù fi dá mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ mi padà sí mi. Mo rí Ìyá Kékeré tí wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé mo ti yè é.

Ó wá kan "Ẹ Dá A Padà." Gbọ̀ngàn náà hó. Waya tẹ kọ̀ǹpútà. Òòlù gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí kíkà létí rẹ̀.

Mo retí tèmi náà. Etí mi dákẹ́.

Ariwo ìmí kan wá jáde láti inú sípíkà, ó tóbi bí afẹ́fẹ́ ìjì. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

"Ó yá," Ìbákà sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn. "Ẹ̀gbọ́n, má sáré o. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta..."

Wáyà gbọ̀ngàn ni mo ti ki bọ ihò kíkà nígbà ìdààmú yẹn. Òòlù gbọ́ kíkà, ọwọ́ rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Kò rò ó. Ohùn yẹn ló ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Waya bá a wọlé. Èmi la ẹnu, nǹkan kan kò jáde.

"Waya, sinmi. Ó dáa. Ẹsẹ̀ kejì ti dé."

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe bí eré ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, nítorí wọ́n rí ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ègbè rẹ rèé, gòkè... ó ti já." Ẹ̀rín tún bọ́ sí i lẹ́nu. "Kò burú. Fi sílẹ̀, màá bá ọ mú ibẹ̀."

Ó sì bá mi mú un. Ó gòkè. Ohùn tí gbogbo ìlú fi ń jí, ohùn tí mo pè ní ìbínú mi, jáde láti ẹnu ẹni tó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ẹnu tèmi sì pa dé.

Ìyá Kékeré ti dìde. Àwọn ènìyàn yà fún wọn. Wọ́n rìn dé iwájú sípíkà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí a ṣe ń gbé e lé àyà ọmọ tó ń sùn. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí orin náà fi parí.

"Ẹ pa á," Ìbákà wí. "Ebi ń pa mí."

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́.

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, "Ta wá ni èyí tó wà lórí ìtàgé yìí?"

Nínú yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, Òòlù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ pátá. "Mà, ẹ má bínú. Ẹ ní kí a má dárúkọ rẹ̀. A kò mọ bí ohùn yẹn ṣe jáde."

"Èmi ni mo ní kí ẹ má dárúkọ rẹ̀?" Ìyá Kékeré bèèrè. "Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Ẹ ò lè mọ bí ojú mẹ́ta ṣe wúwo tó.

"Mo bi ọ́ léèrè nígbà yẹn," ni wọ́n wí.

"Ẹ bi mí, mà."

"Kí lo sọ fún mi?"

"Mà..."

"Kí lo sọ? Jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́."

"Mo ní kò sí. Mo ní a ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Waya fi ọwọ́ bo ojú. Òòlù dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Ìwọ yìí lo hun 'Ẹ Dá A Padà'," ló wí. Kò pariwo.

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Kékeré kò lù mí, wọn kò sì ṣépè. Wọ́n na ọwọ́ síwájú.

"Bọ́ ẹ̀wù mi."

Mo bọ́ ọ. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́ náà hàn, wọ́n ká a dáadáa bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ká aṣọ, ìlà lórí ìlà, wọ́n sì tì í bọ àpò. Wọ́n yíjú sí Waya. "Ọmọ mi, ibo ló wà?" Waya gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, odidi. Wọ́n gbé e mọ́ra jáde.

Wọ́n ti tún àwo náà ṣe. Orúkọ Ìbákà ló wà níwájú rẹ̀ báyìí, bó ṣe yẹ. Èmi kò sí nínú ẹgbẹ́ náà mọ́. Àwọn tí a jọ ń gbé páálí ní kí n sinmi ná, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún ẹ̀tọ́, mi ò ní kí ẹ má jà. Àwọn olè ńlá ṣì wà, inú mi ṣì ń ru sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ nàka sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ibùsùn ara rẹ̀ wò. Wọ́n kì í sábà fi ìbọn gba nǹkan lọ́wọ́ aláìní. Nígbà mìíràn, "kò sí, mà" ni wọ́n fi ń gbà á.

Mi ò lè kọrin mọ́. Bí mo bá ti la ẹnu, ẹnì kan á kọ́kọ́ mí sínú létí mi.

Ọ̀nà ibi tí mò ń gbé gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kékeré kọjá. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Kíkà yẹn ni. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ wọn ṣe ń kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n máa ń rí mi. Wọn kì í lé mi, wọn kì í sì í pè mí wọlé.

Mo máa ń fẹ́ yára kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, má sáré," Ìbákà á sọ láti inú ṣọ́ọ̀bù.

Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti rọra.